Bí Oníbàárà Àlejò Ṣe Lè Rí Ìsọ̀ Yín Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì



 Ìbéèrè kan wà tí ó ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa ní ọ́fíìsì: lẹ́yìn tí a bá ti fún opó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìlọta, báwo ni yóò ṣe rí oníbàárà? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ̀rọ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, dídípẹtà ni yóò dípẹtà. Bí ọdún bá yí po tí oníṣẹ́ kò rí oníbàárà tí ó tó, orúkọ rẹ̀ yóò tún padà sínú ìwé àwọn tí ó ń retí sàká, bẹ́ẹ̀ sì ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tún di ohun tí a ó máa tọrọ kiri. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé ọ̀nà kan tí kò gba owó, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kékeré ní agbègbè wa kò tíì lò: kíkọ orúkọ ìsọ̀ sí orí máàpù Google.

Ẹ lè sọ pé, ní Ìsundunrin níbí, ta ni kò mọ ilé aránṣọ? Òótọ́ ni. Aládùúgbò kò nílò máàpù. Yóò ní kí ẹ gba ẹ̀yìn mọ́sálásí, kí ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún níbi igi máńgòrò, ó parí. Ṣùgbọ́n aládùúgbò yẹn, aṣọ mélòó ni ó ń rán lọ́dún? Ẹni tí a ń wí ni àlejò: akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní ọgbà Ẹ̀jìgbò, agùnbánirọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí agbègbè wa, àti àwọn ọmọ wa tí ó ń ti Àbíjàn dé nígbà Iléyá tàbí ní oṣù Kejìlá, tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́yìn odi tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mọ ẹni tí ó ń ṣe kí ni mọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í dúró bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fóònù ni wọ́n ń bi. Bí fóònù kò bá mọ ìsọ̀ yín, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òṣogbo ni yóò darí wọn sí, owó tí ó yẹ kí ó dúró sí ìlú yóò sì bá wọn lọ.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe tuntun pátápátá. Láyé ìjọ́sí, ìwé ńlá kan wà tí NITEL ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn onífóònù sí. Ẹni tí kò ní fóònù onílà kò sí nínú rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní in nígbà náà kò sì tó nǹkan. GSM dé sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, fóònù wá di ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwé tí yóò kó gbogbo nọ́ńbà jọ kò sí mọ́. Google gbé máàpù tirẹ̀ jáde ní 2005. Ní 2011, ó ṣe ètò kan ní orílẹ̀-èdè wa láti mú àwọn oníṣòwò kékeré wá sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ibi tí a ń kọ ìsọ̀ sí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: Google Places ni wọ́n ń pè é ní 2010, ó di Google My Business ní 2014, ó sì di Google Business Profile láti oṣù Kọkànlá 2021. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ àtijọ́, kí ó má rò pé ohun mìíràn ni. Kò sí áàpù ọ̀tọ̀ fún un mọ́ láti 2022; inú Google àti Google Maps tí ó ti wà lórí fóònù yín náà ni ẹ ó ti ṣe é. Wébúsáìtì ọ̀fẹ́ tí ó máa ń bá a rìn tẹ́lẹ̀ náà ti dópin ní oṣù Kẹta 2024, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ṣèlérí ìyẹn fún yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́.

Báwo ni Google ṣe ń yan ìsọ̀ tí yóò fi han ẹni tí ó ń wá a? Ohun mẹ́ta ni ó sọ pé òun ń wò. Ó ń wò ó bóyá iṣẹ́ yín bá ohun tí ẹni náà tẹ̀ mu. Ó ń wo bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó. Ó sì ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ yín tó, nínú èyí tí ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà kọ wà. Owó kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìpolówó lè sanwó ìpolówó lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ipò orí máàpù fúnra rẹ̀ kì í ṣe títà. Ẹ wo ohun kejì yẹn dáadáa. Ìjìnnà ni ó jẹ́ kí aránṣọ kékeré ní Ìsundunrin lè yọ ṣáájú ilé aṣọ ńlá ní Ìbàdàn, bí ẹni tí ó ń wá a bá wà nítòsí. Àǹfààní tálákà ni èyí.

Orúkọ ni ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ó wà lára pátákó ìsọ̀ yín gan-an ni kí ẹ kọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa fẹ́ràn láti to orúkọ jọ bí ìgbà tí a ń ki oríkì: aránṣọ tí ó dára jù lọ, olówó pọ́ọ́kú, oúnjẹ àríyá, ìwé ìrìnnà. Google kọ ìyẹn, ó sì lè ti ojú ewé náà pa. Ibi tí a ti ń sọ iṣẹ́ tí a ń ṣe wà lọ́tọ̀. Ẹ ó mú ẹ̀ka iṣẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí olórí láti inú àwọn tí Google ti tò sílẹ̀, ẹ sì lè fi mẹ́sàn-án mìíràn kún un bí ẹ bá ń ṣe wọ́n lóòótọ́. Àǹfààní kan wà nínú èyí fún ìlú bíi tiwa: Google fúnra rẹ̀ ni ó ń túmọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ náà. Ọmọ Àbíjàn tí fóònù rẹ̀ wà ní èdè Faransé yóò rí i ní Faransé, láìjẹ́ pé Ìyá Aránṣọ mọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni àdírẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ òpópónà wa kò sì ní orúkọ lára pátákó. Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ̀rètí nù, ẹ má sì dá nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́kàn ara yín. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ ibi tí ẹ dúró sí mọ́lẹ̀ díẹ̀. Àmì pupa yóò yọ, àkọsílẹ̀ kan yóò sì hàn tí wọ́n ń pè ní Plus Code: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin, àmì àròpọ̀, méjì mìíràn, lẹ́yìn náà orúkọ ìlú. Google ni ó gbé e jáde fún irú àwọn ibi tí kò ní àdírẹ́sì. Àkọsílẹ̀ kékeré yẹn ń tọ́ka sí ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ kò ju bíi mítà 14 lọ, èyí tí ó tó láti mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ lè kọ ọ́ sára pátákó, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ti àwọn ìyá wa tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ńkọ́, àwọn tí ó wà ní ẹ̀há tàbí tí kò fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì máa wọlé? Wọn kò gbọdọ̀ fi ilé wọn sórí máàpù. Nígbà tí Google bá bèèrè bóyá oníbàárà ń wá bá wọn níbi iṣẹ́, kí wọ́n sọ pé rárá, kí wọ́n wá dárúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ lọ: Ìsundunrin, Ẹ̀jìgbò, Ìfẹ́-Odàn, Ìwó, bí agbára bá ṣe tó, títí dé ogún ibi. Àdírẹ́sì ilé yóò fara sin, nọ́ńbà fóònù nìkan ni yóò hàn. Ohun tí ó yẹ ni pé kí àwọn ibi náà má ju ìrìn ọkọ̀ bíi wákàtí méjì lọ. Kí ẹni tí ó ń lọ kàsíǹkà ní Ìsundunrin má kọ Kánò.

Wákàtí tí a ń ṣí àti èyí tí a ń tì, ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ bí ó bá ṣe wá sí ẹnu wọn. Àlejò tí ó wọ ọ̀kadà wá ní agogo mẹ́fà tí ó bá ìlẹ̀kùn ní títì kò ní padà wá, ó sì lè kọ ohun tí ó rí síbẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ lè pín ọjọ́ náà sí méjì: agogo mẹ́jọ sí méjìlá ààbọ̀, lẹ́yìn náà agogo méjì ààbọ̀ sí mẹ́fà. Google gba bẹ́ẹ̀. Ó tún gba kí a kọ wákàtí ọ̀tọ̀ fún àwọn ọjọ́ ọdún Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ láìfọwọ́ kan ti àwọn ọjọ́ yòókù.

Lẹ́yìn èyí ni Google yóò fẹ́ ẹ̀rí pé ìsọ̀ náà wà lóòótọ́ àti pé ẹ̀yin ni ẹ ni ín. Fídíò ni ó sábà máa ń bèèrè nísinsìnyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òde, kí òpópónà àti ìsọ̀ tí ó wà nítòsí hàn. Ẹ fi pátákó hàn bí ó bá wà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ara yín ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ wọlé, ẹ fi ẹ̀rọ, òwú àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ hàn. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, kí ó tó ìṣẹ́jú-àáyá 30 ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ojú àwọn ẹlòmíràn tàbí nọ́ńbà báǹkì hàn nínú rẹ̀. Ìdáhùn lè gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ tún un ká. Ẹ má ṣe lọ ṣí ojú ewé mìíràn pẹ̀lú orúkọ kan náà, nítorí méjì yóò da oníbàárà rú. Bákan náà, bí ẹlòmíràn bá ti fi ìsọ̀ yín sórí máàpù ṣáájú, ẹ gbà á sí ọwọ́ ara yín ni, ẹ má tún ṣẹ̀dá òmíràn.

A fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ íméèlì. Íméèlì ìyá tí ó ni iṣẹ́ ni kí a lò. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ àbúrò tí ó mọ fóònù lò ni a lò, ọjọ́ tí ọmọ náà bá lọ sí Èkó tàbí tí ó bá gbàgbé páṣíwọ́ọ̀dù, ìsọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ààyè wà láti fi ọmọ náà ṣe alábòójútó tí yóò máa ṣàtúnṣe, kí ìyá sì máa jẹ́ olóhun. Nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ń wọlé. Bí síìmù bá yí padà, kí a yí ti orí máàpù padà ní ọjọ́ náà gan-an.

Ó kan ẹ̀rí oníbàárà, àwọn ìràwọ̀ márùn-ún yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ wa tààrà. Àánú lè mú kí ẹnì kan nínú yín fún opó ní ìràwọ̀ márùn-ún láìjẹ́ pé ó rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀rí èké ni, gbogbo wa sì mọ ipò tí ẹ̀sìn wa fi ẹ̀rí èké sí. Google náà kọ ọ́, ó sì kọ kí olóhun máa kọ ẹ̀rí fún ara rẹ̀ tàbí kí ó fi owó tàbí ẹ̀dínwó ra ẹ̀rí. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ó dojú kọ ríra àti títa ẹ̀rí ayédèrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2024. Bí àánú bá ń ṣe yín, ẹ gbé aṣọ Iléyá ti ọdún yìí lọ fún un, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí. Bí ó bá fi ọjọ́ méjì falẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí òun náà fèsì pẹ̀lú sùúrù. Èsì pẹ̀lẹ́ sí ẹ̀sùn kan a máa fi ọkàn òǹkàwé balẹ̀ ju ìyìn mẹ́wàá lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín pé láti ọ̀dọ̀ Google ni òun ti ń pè, pé bí ẹ kò bá sanwó ìsọ̀ yín yóò parẹ́ lórí máàpù, jìbìtì ni. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwọn kan lọ sí kọ́ọ̀tù ní Florida nítorí irú ìpè yìí gan-an. Ẹ pa fóònù náà, ẹ má sì sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kankan tí ó bá wọ orí fóònù yín fún un.

WhatsApp Business, tí ó jáde ní 2018, dára láti fi àwòrán iṣẹ́ han ẹni tí ó ti ní nọ́ńbà yín, Facebook náà sì wúlò. A kò kọ èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ojúlùmọ̀ ni méjèèjì sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ti àlejò ni máàpù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun ṣe é, ìbáà jẹ́ opó tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wa tàbí ọmọ ẹgbẹ́, kí ó wá sí ọ́fíìsì wa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn àsálátù. Kí ó mú fóònù tí ó ní kámẹ́rà, síìmù tí ó jẹ́ tirẹ̀, àti orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára pátákó. Àwọn ọ̀dọ́ ilé-kéwú wa yóò tẹ̀lé e dé ìsọ̀ láti ká fídíò náà. A kò gba kọ́bọ̀. Kí ó ti ṣájì fóònù náà láti ilé o, nítorí iná ọ́fíìsì kò ṣeé gbójú lé.