Ààbò àti Ẹ̀tọ́ Àdáni: Ìyàtọ̀ Tí Ó Wà Láàárín Wọn
Ní 1991, Mark Weiser ṣàlàyé èrò rẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà ibi-gbogbo, èyí tí ó fara sin sínú ohun-èlò ojoojúmọ́. Àpẹẹrẹ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń ṣílẹ̀kùn ilé-ìkàwé. Ní 2008, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Radboud, Nẹ́dálándì, fi hàn pé a lè ṣe àdàkọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ kan, MIFARE Classic. Àbùkù ààbò nìyẹn. Bí kò tilẹ̀ sí àdàkọ, ẹ̀rọ lè máa kọ orúkọ ẹni tí ó wọlé sílẹ̀. Ta ni ó yẹ kí ó kà á? 'Ààbò' kò dáhùn ìbéèrè yìí. 'Àṣírí' náà kò bá a mu: kíkàwé kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. 'Ẹ̀tọ́ àdáni' ni a dábàá, èyí ni ẹ̀tọ́ láti pinnu ẹni tí yóò mọ ọ̀ràn ẹni.