Omi Àlùwàlá, Òjò àti Bàtà Wa

Ní Àgọ́-Àrẹ, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ sí ọ̀nà oko àti ọ̀nà mọ́sálásí. Bí bàtà bá bàjẹ́ lásìkò yìí, òjò la máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àlùwàlá tán, tó ki ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi síbẹ̀. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nírun kọ̀ọ̀kan, bàtà náà kò ní ráàyè gbẹ.

Bí búrẹ́dì ṣe ń bu nínú ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni inú bàtà tútù ń bu. Ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì yẹn ló ń sọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ di funfun, tí yóò máa yún, tí yóò sì máa bó. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ewu ńlá ni: ó lè má mọ̀ ọ́n lára títí egbò kékeré yóò fi di èyí tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa láti fọ àárín ọmọ ìka dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí ẹ tó wọ bàtà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí aburú níbẹ̀.

Bí òjò bá pa bàtà awọ:
1. Ẹ nu ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀.
2. Ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀. Bó bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
3. Ẹ gbé e síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má ṣe yá a níná: ooru ń mú kí awọ gan, kí ó sì sán.
4. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, kí omi má baà tètè wọ̀ ọ́. Ó lè mú kí awọ dúdú díẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀.

Bàtà òjò oko kì í jẹ́ kí omi wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí òógùn jáde. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí igi mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé àti ejò.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ara. Àmín.