Ẹ̀jẹ̀ Orí àti Ẹsẹ̀ Àgbà

Ní ọdún 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kò kiri ọjà, wọn kò sì bá olóṣèlú kankan tọrọ ìbò. Ohun tí wọ́n ń wá ni àgbà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e, tí yóò sì gbà kí àwọn dókítà máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tí ń gbé àgbàlagbà ṣubú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2008, wọ́n ti rí ẹni 765 kó jọ. MOBILIZE Boston ni wọ́n pe ìwádìí náà. Dókítà Lewis Lipsitz ni aṣáájú rẹ̀ ní Hebrew SeniorLife, ilé ìtọ́jú arúgbó kan tí òun àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Harvard jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá àwọn ènìyàn wọ̀nyí wù mí púpọ̀, nítorí dókítà tí ó bá jókòó sí ilé ìwòsàn rẹ̀, ẹni tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ ni yóò máa rí, kò ní í rí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ lánàá tí ó dìde, tí ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, tí kò sì wí fún ẹnì kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún olúkúlùkù ní kàlẹ́ńdà, pé kí ó máa sàmì sí ọjọ́ tí ó bá ṣubú, kí ó sì máa fi í ránṣẹ́ ní oṣooṣù.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ni àwọn ọmọ ìwádìí wọ̀nyí yíjú sí, kí wọ́n lè rí ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kí ilẹ̀ tó gba ẹni náà mọ́ra. Láàárín tiwa, nígbà tí ìyá arúgbó bá ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń gbà: àwọn kan yóò ní ọjọ́ ogbó ni, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i, àwọn mìíràn yóò rẹ ohùn sílẹ̀, wọn yóò ní àwọn ayé ti ta á ní nǹkan. Èmi kò fara mọ́ èkíní, n kò sì fara mọ́ èkejì, nítorí ọ̀kan náà ni ìpalára àwọn méjèèjì: wọn kì í jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣubú àgbà kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò pé ènìyàn bí 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí kò bá sì kú, ẹ̀rù lè mú un dé ibi pé kò ní í lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́, kò ní í lè na ẹsẹ̀ dé ọjà, iṣan ẹsẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe yóò máa rọ̀, ìṣubú kejì yóò sì wá rọrùn ju èkíní lọ.

Ìdúró tí a ń dúró yìí, tí a kì í kà sí nǹkan kan, iṣẹ́ ńlá ni. Ojú ń sọ ibi tí ara wà. Ihò etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà omi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta gbé yí po, ń sọ ibi tí orí tẹ̀ sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ń sọ bí ilẹ̀ ti rí. Ọpọlọ ni ó sì ń gba gbogbo ìròyìn wọ̀nyí, òun ni ó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀, ìbàdí àti ẹ̀yìn kí ojú tó ṣẹ́. Ọpọlọ, olórí nínú àwọn ẹ̀yà ara, kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ènìyàn lọ, síbẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, ìdá bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń gbà, kò sì ní àká tí ó lè kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fà sẹ́yìn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, ojú yóò ṣú, òòyì yóò kọ́ni, eékún yóò sì yẹ̀.

Ní ìgbà tí ènìyàn bá dìde lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó máa ń ṣàn wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Àwọn olùṣọ́ kan wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn tí wọ́n tètè máa ń mọ̀ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti rẹlẹ̀: kíá ni ọkàn yóò yára, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ yóò fún, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ yóò sì là sí i kí wọ́n lè fa ìpín tiwọn mọ́ra. Lára ọ̀dọ́, gbogbo rẹ̀ ti parí kí ó tó nàró tán. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti ń lọ lórí ènìyàn, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ti bá a gbé pẹ́, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò máa le bí awọ tí oòrùn ti sá gbẹ, kò ní í lè fún nígbà tí ó yẹ kí ó fún, kò sì ní í lè là nígbà tí ó yẹ kí ó là.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè rí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú agbárí láìfi ọ̀bẹ kàn án? Ní ọdún 1982 ni Rune Aaslid, ọmọ ilẹ̀ Norway, fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ó lo òye kan tí Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ti kéde ní ọdún 1842, pé ohùn a máa yí padà bí ohun tí ó ti ń jáde bá ń súnmọ́ni tàbí tí ó bá ń jìnnà síni. Egungun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́ ju ìyókù agbárí lọ. Ibẹ̀ ni a ó gbé irin-iṣẹ́ kékeré kan lé, yóò sì rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọlé, ohùn náà yóò kọlu ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ, yóò padà wá, ìyípadà rẹ̀ yóò sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré sí. Kì í dunni, kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Irin-iṣẹ́ yìí ni Dókítà Farzaneh Sorond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò fún 419 nínú àwọn àgbà Boston. Wọn kò wo ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nìkan. Wọ́n ní kí àwọn àgbà náà mí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti po kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì mọ́, èyí tí ó máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ là, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n máa mí kíákíá, èyí tí ó máa ń mú un fún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn kan yára dáhùn, ti àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2010, ó hàn pé àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn kò fẹ́ dáhùn ni ìrìn wọn falẹ̀, ìṣubú wọn sì fi ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí tiwọn dáhùn jù lọ. Lóòótọ́, ohun méjì tí ó jọ ń rìn pọ̀ kò fi dandan jẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, àwọn olùwádìí náà kò sì pa èyí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ẹni tí ó bá ń wá ìdí ìṣubú nínú orúnkún nìkan ti fi ibi tí ó yẹ kí ó wò sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tí ó yà mí lẹ́nu jù, ní ọdún 1997, kò sì gba irin-iṣẹ́ kankan. Àwọn olùwádìí ń bá àwọn arúgbó 58 rìn, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà. Àwọn 12 dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹnu àti ẹsẹ̀ kò lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, 10 nínú wọn ti ṣubú. Ìrìn àti èrò ti ń du agbára kan náà nínú ọpọlọ, agbára náà kò sì tó wọn pín mọ́. Ìwọ ọmọ tí ń bá baba rẹ rìn lọ sí òde ìnáwó, bí o bá rí i pé ó ń dúró kí ó tó dá ọ lóhùn, má ṣe rò pé ìwà àgbà ni.

Oúnjẹ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Lipsitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn láti ọdún 1983 pé ìfúnpá ọ̀pọ̀ arúgbó máa ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ ìfun lọ. Kí àgbà tí ó bá jẹ iyán yó fara balẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dìde.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kòkó yóò mú etí àwọn ará wa, àwa tí kòkó sọ ilé di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún, tí ó sì rán ọmọ ní ilé-ìwé. Ní ọdún 2013, Dókítà Sorond àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde: àgbà 60, tí ọjọ́ orí wọn tó bí 73, ń mu ife kòkó méjì lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn 18 nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ kì í yára dé ibi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́. Lára àwọn wọ̀nyí, ìdáhùn ẹ̀jẹ̀ náà fi ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún dára sí i, ìdánwò ìrántí tí ó ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 167 tẹ́lẹ̀ sì wá ń gbà wọ́n ní 116. Ara àwọn tí ó ti dá tẹ́lẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀: oríṣi kòkó méjì ni wọ́n lò, èyí tí èròjà tí wọ́n gbójú lé pọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tí ó kéré nínú rẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwọn tí kò mu kòkó rárá tí a lè fi wọ́n wé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń da ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sínú kòkó ní orúkọ oògùn, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àwọn onímọ̀ tiwa náà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ṣe ìwádìí láàárín àgbà 2,152 tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65 ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìṣubú sì wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Láti ọdún 2012 ni ilé ìtọ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà ti wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ilé ìwòsàn gbogbo, títí dé ti abúlé, mú nínú iṣẹ́ àwọn ará Boston. Àwọn ènìyàn a máa wí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ń gbé arúgbó ṣubú, àwọn mìíràn a sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nù. Nínú àwọn àgbà MOBILIZE Boston, òdìkejì ni wọ́n rí: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gbọ́ ìtọ́jú ni ìfúnpá wọn sábà ń já wálẹ̀ bí wọ́n bá dìde, àwọn tí èyí ń ṣe ni wọ́n sì ń ṣubú jù. Jíjókòó nìkan ni a máa ń jókòó yẹ ìfúnpá wò, ìjókòó kò sì lè fi ìjábọ̀ yìí hàn. Mo bẹ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí màmá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó dìde, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú kan àti ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí òǹkà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi han dókítà ní ọjọ́ náà gan-an.