Ta Ló Ni Iṣẹ́ Atòrin Jáàsì?

Lójú páálí àwọn àwo jáàsì kan, orúkọ ẹni tí kò fọn fèrè, tí kò lu ìlù, tó sì jẹ́ pé orin àwọn ẹlòmíràn ló pọ̀ jù nínú àwo ọ̀hún, ni wọ́n kọ gàdàgbà. Atòrin ni. Òun ló pín orin fún fèrè 13, dùùrù, jìtá, báàsì àti ìlù, tó kọ ti kálukú sínú ìwé, tó sì dúró síwájú wọn ní sítúdíò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó mọ jáàsì dunjú ti ń jiyàn bóyá ẹni bẹ́ẹ̀ lè pe àwo náà ní tirẹ̀. Lójú tèmi, ó lè pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dunni ni pé àwọn tó ń yìn ín kì í fẹ́ kó ní ohunkóhun lórí ohun tó kọ.

Nígbà tí àwo kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, ẹ̀yìn ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré ni atòrin máa ń wà. Àwo ńlá tó dé lọ́dún 1948 ló fún un láyè láti ro orin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá pọ̀ ní odindi kan. Ẹ gbé orin kan náà fún atòrin méjì: ọ̀kan lè fi ohùn orin náà sẹ́nu tọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ìdérí dí lẹ́nu, kí túbà máa gbé e ró nísàlẹ̀, èkejì lè kó sàsófóònù márùn-ún jọ sídìí rẹ̀, kó sì pààrọ̀ gbogbo ohùn tó ń gbè é lẹ́sẹ̀. Orúkọ kan náà ni orin méjèèjì ń jẹ́, àmọ́ etí ò ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní jáàsì ò sí nínú ìwé rárá: ohun tó bá sọ sí eléré lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, tó fọn ún síta, ni jáàsì, ìyókù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn àwo kan wà tí wọ́n kàn da ohùn fayolíìnì bo eléré mọ́lẹ̀ kó lè tà lọ́dọ̀ àwọn tí kì í gbọ́ jáàsì, a ò sì gbọ́dọ̀ pe irú rẹ̀ ní iṣẹ́ àtinúdá. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọmọṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ló kọ ìdajì ìwé nígbà tí àkókò ń lé ọ̀gá. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó dára, àyè tí eléré ti ń dá ṣeré kì í ṣàdédé ṣí. Atòrin ló yan ẹni tí yóò wọ ibẹ̀, ìgbà tí yóò wọlé, bí yóò ṣe pẹ́ tó àti fèrè tí yóò máa dá a lóhùn. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà kì í kọ ọ́ fún tọ́ńpẹ́ẹ̀tì kejì lásán. Ohùn ènìyàn kan pàtó ni wọ́n ń gbọ́ lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò eléré yẹn, àwo yóò yí padà, a ó ṣì dá a mọ̀. Ẹ kó ìwé kúrò níwájú ènìyàn 17, wọn ò ní mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá le. Àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré, American Federation of Musicians, máa ń ka iṣẹ́ atòrin ní ojú ìwé, iye ojú ìwé tó bá kọ ni wọn yóò sanwó rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló wà lójú àwo, ó lè rí ìpín lórí iye tó bá tà. Ìwé orin fúnra rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1976 ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san owó tí wọ́n là sílẹ̀, kó tún orin tó ti jáde gbà sínú àwo, kó sì tò ó bó ṣe bá a lára mu, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ lórí títò náà àfi tí ẹni tó ni orin bá fọwọ́ sí i. Àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ní télọ̀ ni atòrin: aṣọ oníbàárà ló rán. Wọ́n tún ní tí gbogbo atòrin bá ń gba ìpín, ti ẹni tó dá orin sílẹ̀ yóò joro, ẹ̀rù yẹn ò sì burú láti bà wọ́n. Àmọ́ òfin kan náà gbà pé tí orin bá ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó ni ín mọ́, ẹni tó bá tò ó lọ́nà tuntun ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó fi kún un. Òógùn kan náà ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ níhìn-ín, tó di aṣọ oníbàárà lọ́hùn-ún? Níwọ̀n ìgbà tí òfin sì ti fi àyè ìfọwọ́sí sílẹ̀, ó yẹ kí àwọn tó ń ṣojú atòrin máa béèrè fún un kó tó wọ sítúdíò, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwo bá ti gbòde.