Ibrahim Agboola Gambari

Ibrahim Agboola Gambari (tí a bí ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1944) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè àti olùdámọ̀ràn lórí ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ọmọ ìlú Ìlọrin ní Ìpínlẹ̀ Kwara, Nàìjíríà ni. Ó ti ṣe Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, olùdámọ̀ràn fún akọ̀wé àgbà àjọ náà, àti olórí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ààrẹ Nàìjíríà.

Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ olùkọ́

Gambari lọ sí King's College ní Èkó. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní London School of Economics ní ọdún 1968, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní New York ní ọdún 1974. Lẹ́yìn tí ó ti kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé láti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria. Ní ọdún 1983 ó di olùdarí àgbà Nigerian Institute of International Affairs ní Èkó, ipò tí Bọ́lájí Akínyẹmí wà ṣáájú rẹ̀.

Mínísítà (1984–1985)

Nígbà tí ọ̀gágun Muhammadu Buhari gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, ó fi Gambari ṣe Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Gambari gbé èrò kan kalẹ̀ pé kí Nàìjíríà to àjọṣe rẹ̀ bí agbo tí ó yí ara wọn ká. Ààbò àti ọrọ̀ ajé Nàìjíríà pẹ̀lú ti àwọn tí ó bá a pààlà, ìyẹn Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù, ni yóò wà láàárín. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Áfíríkà yòókù, kí ó tó kan ìyókù ayé. Síbẹ̀, ìjọba kan náà ti ẹnubodè pa ní ọdún 1984, ó sì lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní ọdún 1985, èyí tí ó ni àwọn aládùúgbò lára. Lẹ́yìn tí ìjọba náà ṣubú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Akínyẹmí ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣojú ní New York (1990–1999)

Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò ní ọdún 1994 àti 1995. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tí wọ́n ń pa ẹ̀yà Tutsi run ní Rùwáńdà, ìgbìmọ̀ náà dín àwọn ọmọ ogun alálàáfíà tí ó wà níbẹ̀ kù láti nǹkan bí 2,500 sí 270. Nàìjíríà ti wà lára àwọn tí ó ní kí a fi kún wọn, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè alágbára kò ṣetán, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ sì dìbò fún ìpinnu náà. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí Gambari jẹ́ alága, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ọmọ ogun 5,500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé kí ìpakúpa náà tó parí. A fojú bu iye àwọn tí ó kú sí nǹkan bí 800,000.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ọ̀gágun Sani Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, Àjọ Commonwealth sì dá Nàìjíríà dúró lọ́jọ́ kejì. Gambari ni ó ń gbẹnu sọ fún ìjọba náà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kò gbà pé jíjẹ́ aṣojú tó láti wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tún gbé e dìde ní ọdún 2020.

Olùdámọ̀ràn àti alárinà

Ní ọdún 1999, Kofi Annan fi Gambari ṣe olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí Áfíríkà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ ní ipò náà. Ó darí iṣẹ́ àjọ náà ní Àngólà láti ọdún 2002 sí 2003, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí níbẹ̀. Láti ọdún 2005 sí 2007 ó jẹ́ igbákejì akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Myanmar fi hàn ibi tí agbára alárinà mọ. Ó bá àwọn ọ̀gágun sọ̀rọ̀, ó sì rí Aung San Suu Kyi tí wọ́n há mọ́lé. Ṣùgbọ́n kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, inú ìhámọ́ náà ni Suu Kyi sì wà títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2010. Láti ọdún 2010 sí 2012, Gambari darí àwọn ọmọ ogun alálàáfíà ní Darfur, Sudan.

Ní ọ́fíìsì Ààrẹ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Buhari, tí ó ti di ààrẹ tí a dìbò yàn, fi í ṣe olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú Abba Kyari. Ó wà ní ipò náà títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Gambari ni ó dá Savannah Centre sílẹ̀ ní Àbújá fún ìwádìí lórí àlàáfíà, ìjọba àwaarawa àti ìdàgbàsókè.