Ibi Tí Ará Ìlú Ti Ń Jẹun ní Pobè àti Sakété

Pobè àti Sakété jẹ́ ìlú méjì ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Yorùbá tí a mọ̀ sí Nàgó àti àwọn Ọ̀họ̀rí ti pọ̀, tí ọ̀nà ọ̀dà tí ó ti Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, lọ sí Kétu sì gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Ètò ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé àwọn olùgbé agbègbè ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan ju 100,000 lọ, nítorí náà kì í ṣe àìtó èrò ni kò jẹ́ kí ilé oúnjẹ alárinrin pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé oúnjẹ rírà jẹ ní irú ìlú báyìí ti ní ètò tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ètò tí kò gbẹ́kẹ̀ lé pátákó tàbí ìpolówó, bí kò ṣe orúkọ ẹni tí ń dáná, àkókò tí ó máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀, àti ẹnu àwọn tí wọ́n ti jẹ ẹ́ rí. Àlejò tí kò bá mọ ètò yìí lè la ìlú já kí ó sì gbà pé kò sí ibi gidi tí ènìyàn ti lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ó ti rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ará ìlú kò lè fi ṣeré rárá.

Orúkọ tí a ń pe àwọn ibi ìjẹun wọ̀nyí pọ̀, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ó ní òrùlé, tábìlì àti ọtí tútù ni wọ́n ń pè ní maquis, orúkọ tí ó ti Côte d'Ivoire tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ń sọ èdè Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Buvette ni ibi tí ọtí ti ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ. Kafetéríà sì ni ìsọ̀ kékeré ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ti ń po kọfí mọ́ wàrà inú agolo, tí wọ́n ti ń dín ẹyin, tí wọ́n sì ti ń se spaghetti fún àwọn ọ̀dọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúlò fún arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni ará ìlú ń tọ́ka sí nígbà tí ó bá ń sọ pé òun mọ ibi tí oúnjẹ ti dùn. Ẹni tí ó ní lọ́kàn ni Ìyá Olóúnjẹ, obìnrin tí ó gbé bẹ́ǹṣì méjì àti ìkòkò bíi mẹ́rin sábẹ́ páànù tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, tí àwọn tí ń sọ Faransé ní Benin ń pè ní bonne dame, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè, tàbí kí wọ́n pè é ní Ìyá Ìbejì bí ó bá bí ìbejì. Ní ọdún 1986, àjọ FAO, ẹ̀ka àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn, ṣe ìpàdé kan ní ìlú Yogyakarta ní Indonesia, níbi tí wọ́n ti fún irú oúnjẹ báyìí ní ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò títí di òní: oúnjẹ àti ohun mímu tí ó ti ṣe é jẹ tàbí mu lójú ẹsẹ̀, tí àwọn olùtajà ń sè tàbí ń tà ní òpópónà àti irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ náà péye, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó mú kí ènìyàn fi olùtajà mẹ́sàn-án sílẹ̀ lọ bá ẹ̀kẹwàá.

Kókó àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí àlejò mọ̀ ni pé àkókò ni ó ń ya oúnjẹ sọ́tọ̀, kì í ṣe ilé. Ìyá Olóúnjẹ kan kì í sábà se oríṣi oúnjẹ púpọ̀, ẹ̀yọ kan tàbí méjì ni ó mọ̀ ọ́n sè dé ojú àmì, ó sì mọ wákàtí tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ ẹ. Láàárọ̀ kùtù ni ògì gbígbóná àti àkàrà ń jáde, tí ẹlẹ́wà náà sì ti ń bu ẹ̀wà tí ó fi epo pupa àti gàrí sí, nígbà tí ẹlòmíràn ń ta àtààsì, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ nínú ìkòkò kan, tí a fi ata díndín àti ẹja tàbí ẹyin bò lójú. Bí ó bá kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ọ̀rọ̀ yí padà di ti òkèlè. Ọkà tí wọ́n ń rò níhìn-ín jẹ́ ti ìyẹ̀fun àgbàdo, kì í ṣe ti èlùbọ́ tí ará Ìbàdàn ń jẹ, ó sì máa ń wà pẹ̀lú ọbẹ̀ ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀gúsí. Àmìwọ̀ ni irú rẹ̀ tí ó pupa, nítorí pé omi ẹran, tòmátì àti epo ni wọ́n fi rò ó dípò omi lásán, adìyẹ díndín ni ó sì bá a mu jù lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ohun gbígbóná lè mú ẹ̀kọ tútù, èyí tí a ń pè ní àkàsà káàkiri gúúsù Benin, kí ó sì fi wàrà àwọn Fúlàní, tí wọ́n ti fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa, jẹ ẹ́ dípò ẹran. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́ta ọ̀sán, èyí tí ó dára jù nínú ìkòkò ti tán, ẹni tí ó bá dé ní àkókò náà yóò máa rò pé ìlú kò ní oúnjẹ. Lálẹ́ ni ẹ̀kọ àti ẹja díndín tún ń bọ̀ lójú títì, pẹ̀lú ata tútù, tòmátì àti àlùbọ́sà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ láìsè, tí àwọn ará Benin ń pè ní mọ́yọ̀.

Owó ni oníbàárà fi ń díwọ̀n ohun tí ó fẹ́: yóò sọ iye ọkà tí ó fẹ́ ní sẹ́fà, yóò sọ iye ẹran, olóúnjẹ yóò sì bù ú bí ó ti wí. Ìlànà yìí jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́, alágbàṣe àti olùkọ́ àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láìsí ẹni tí ojú ń tì, èyí sì wà lára ìdí tí ìfẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ fi ń jinlẹ̀ lọ́kàn àwọn ènìyàn ju ti ilé oúnjẹ tí iye owó rẹ̀ ti wà lára ògiri.

Adùn oúnjẹ náà ní orísun tí a lè tọ́ka sí. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni Plateau, Pobè fúnra rẹ̀ sì ni ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ tí ìjọba amúnisìn Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1922 wà, èyí tí ó wà lábẹ́ INRAB lónìí, iléeṣẹ́ ìjọba Benin tí ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí ó sì ń pèsè irúgbìn ọ̀pẹ tí a ti tún ṣe fún àwọn àgbẹ̀. Nítorí náà epo tí ń bọ́ sínú ìkòkò níbẹ̀ kì í rìn jìnnà. Irú náà kò kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Hóró igi irúgbá ni wọ́n ń sè fún wákàtí púpọ̀ kí èèpo rẹ̀ tó bọ́, tí wọ́n tún ń sè é lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè wú kí ó sì ta òórùn. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Benin ya irú àwọn Nàgó àti Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára afitin àwọn Fọ̀n, nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá jẹ ọbẹ̀ ilá ní Àbọ̀mẹ̀, ìlú àwọn Fọ̀n, tí ó sì tún jẹ ẹ́ ní Sakété, yóò mọ ìyàtọ̀ náà lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ní ti àgbàdo, ilẹ̀ dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ní àfonífojì àwọn Ọ̀họ̀rí, láàárín Pobè àti Kétu, kì í ṣe ilẹ̀ tí ó rọrùn láti rìn lákòókò òjò, ṣùgbọ́n ó ń mú ohun ọ̀gbìn jáde dáadáa.

Báwo wá ni ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ṣe lè rí ibi tí ó dára? Àwọn Faransé, tí wọ́n ṣàkóso Benin títí di ọdún 1960, ti bá ìbéèrè yìí jà ní ilẹ̀ tiwọn. Iléeṣẹ́ Michelin tí ń ṣe táyà mọ́tò gbé ìwé atọ́nà rẹ̀ jáde ní ọdún 1900 fún àwọn ọlọ́kọ̀, ìwé náà sì di èyí tí ń fún àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá ní ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1934, ètò mìíràn tí ó ń jẹ́ Les Routiers bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ń tọ́ka sí àwọn ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń yà sí, nítorí pé awakọ̀ tí ń gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ kò ní fara mọ́ oúnjẹ tí kò dára tàbí owó tí ó ga jù. Ní Pobè àti Sakété, kò sí ẹni tí ó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn irú kan náà: awakọ̀ tasí tí ń ná Àjàṣẹ́ sí Kétu, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, àwọn alájàpá tí ń tẹ̀ lé ọjà káàkiri, àti àwọn olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti ibòmíràn tí wọn kò ní ìyàwó tàbí ọkọ nítòsí tí yóò se oúnjẹ fún wọn. Maapu Google lè fi ilé ìtura àti àwọn maquis mélòó kan hàn, ṣùgbọ́n Ìyá Olóúnjẹ tí ń tà láàárín wákàtí mẹ́ta péré kì í sábà sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí àlejò bá béèrè pé níbo ni ilé oúnjẹ wà, wọn yóò mú un lọ sí ibi tí wọ́n rò pé ó yẹ irú rẹ̀, ìyẹn ibi tí ó ní àga oníke àti fáàn, nítorí pé ọmọlúàbí kì í fi àlejò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n bí ó bá kí ènìyàn dáadáa, tí ó wá béèrè pé níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ti ń jẹun lọ́sàn-án, ìdáhùn yóò yàtọ̀, ó sì sábà máa ń bá ẹ̀rín wá. Bí orúkọ obìnrin kan bá ti ti ẹnu ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò bá ara wọn tan jáde, kò sí ìdí láti wá síwájú mọ́. Ohun tí ó kù ni kí ojú wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀: ṣé ìkòkò wà nídéérí, ṣé omi ìfọwọ́ mọ́, ṣé àwọn tí wọ́n dúró ní àwo tiwọn lọ́wọ́, nítorí pé àwo tí a gbé wá láti ilé jẹ́ àmì pé oúnjẹ náà ń bọ́ ìdílé, kì í ṣe èrò ọ̀nà nìkan.

Ó tún yẹ kí àlejò mọ kàlẹ́ńdà ìlú. Ọjà àtijọ́ ní gúúsù Benin ń tẹ̀ lé kíka ọrún, ìyẹn ni pé ó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ ọjà sì ni oúnjẹ máa ń pọ̀ jù tí ó sì máa ń tètè tán jù. Ní oṣù Ramadan, àwọn Mùsùlùmí tí ń se oúnjẹ máa ń gbé títà wọn sí ìrọ̀lẹ́. Bí Orò bá sì wà níta, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, ìkòkò kò sì ní kúrò nínú ilé, nítorí pé obìnrin ni ó ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti ra oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Àkókò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yàtọ̀ sí èyí pátápátá, nítorí pé eré tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2001 yìí ń kó èrò jọ títí di òru, àwọn olóúnjẹ sì máa ń wà níbi tí èrò bá gbé wà.

Ètò ìjẹun yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó tún rọrùn láti bàjẹ́. Ojú irin tí àwọn Faransé là láti Àjàṣẹ́ gba Sakété lọ sí Pobè ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní kò gbé èrò mọ́, ojú ọ̀nà ọkọ̀ sì ni òwò wà báyìí. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn ìlú tí ń jẹ nínú òwò ààlà, irú Pobè àti Sakété, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ìjọba Benin lé àwọn tí ń tajà lójú títì kúrò ní Cotonou àti àwọn ìlú ńlá mìíràn kí ojú ọ̀nà lè là. Ìlú tí ó létòlétò dára, ṣùgbọ́n ibi ìjẹun tí kò sí nínú ìwé kankan lè parẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìsí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun kan sọnù, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó mọ irú ọbẹ̀ kan sè lè lọ láì fi ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ìjọba ìlú ni àtúnṣe kan wà. Láti ìgbà ìdìbò ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 2002 ni ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní baálẹ̀ ìjọba tirẹ̀ tí a ń pè ní maire, tí ọjà sì wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí yẹ kí ó padà sọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí omi ẹ̀rọ, òrùlé àti ibi ìdalẹ̀nù, kí orúkọ wọn sì wọ ìwé tí ìlú ń fún àwọn àlejò. Ní ti ẹni tí ó bá ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, kí ó ṣètò ìrìn àjò rẹ̀ kí ó lè dé Sakété tàbí Pobè kí aago kan ọ̀sán tó lù, kí ó bi awakọ̀ rẹ̀ léèrè ibi tí awakọ̀ náà ti ń jẹun, kí ó sì lọ jókòó níbẹ̀.