Àbùdá Nìkan Kọ́: Ọpọlọ Láti Èwe Dé Ogbó

Ọ̀rọ̀ tí a óò yẹ̀ wò ni bí ohun tí ó bá ọmọ ní kékeré ṣe lè fara hàn nínú ọpọlọ rẹ̀ nígbà ogbó. Ní agbo ilé púpọ̀ ní Màpó àti Bẹẹrẹ, bí arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, tí kò dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ̀ mọ́, àwọn kan a ní ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn mìíràn a ní inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ni ó wà. Èrò kejì yìí ni a fẹ́ gbé lé orí ìwọ̀n.

Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọṣúntókun ṣáájú, pa pọ̀ mọ́ àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ṣáájú. Wọ́n wá àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 lọ sí ojúlé wọn ní Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn àtijọ́. Wọ́n sì wá àwọn ẹgbẹ́ wọn láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé, nínú 1,000 arúgbó, bíi 12 ni àrùn Alzheimer, tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn arán, ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, bíi 25 ni.

Jíìnì kan wà tí à ń pè ní APOE. Oríṣi rẹ̀ kan, e4, a máa fa àrùn yìí súnmọ́ ènìyàn. Àwọn tí ó ní i kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, ní Indianapolis, ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ti wà nínú ewu. Ní Ìbàdàn, ewu náà kò hàn gbangba àfi lára ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. A rí i pé jíìnì kì í dá ṣiṣẹ́. Oúnjẹ, àìsàn àti ìgbé-ayé ń bá a lọ́wọ́ sí i.

Ọ̀nà wo ni ìgbé-ayé lè gbà dé ọ̀dọ̀ jíìnì? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ “ọkọ” sí ojú pátákó láìfi àmì sí i. Ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọkọ̀? Lẹ́tà kò yí padà. Àmì ni ó ń sọ bí a óò ṣe kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ń fi èròjà tíńtìntín sàmì sí jíìnì, láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó ka èyí, kí ó fo tọ̀hún. Ìmọ̀ nípa àwọn àmì wọ̀nyí ni à ń pè ní epigenetics. Inú oyún àti ìgbà ọmọ ọwọ́ ni ọpọlọ ń gba púpọ̀ nínú wọn. Májèlé sì lè dà wọ́n rú.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ èsì jáde lórí àwọn ọ̀bọ tí a fún ní òjé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí a sì dá a dúró. Nígbà tí wọ́n pé ẹni ọdún 23, irú ìdọ̀tí tí Alzheimer ń kó jọ ti wà nínú ọpọlọ wọn, agbára èròjà tí ń sàmì sí jíìnì sì ti dínkù. Òjé ti lọ, àpá rẹ̀ kù.

Lóòótọ́, ọ̀bọ kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, tí ó ń dín òye ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù, kò sí iyàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní 2011, ní ìlú Boston, a bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí ó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń lé fún un, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà ni ó jẹ́ òjé. Ojú lásán kò lè mọ tìróò tí ó ní òjé yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Nítorí náà, kí a má ṣe lé tìróò fún ọmọ ọwọ́ mọ́. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣeré níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀. Kí aláboyún rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ àbùdá, ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé kì í ṣe ìdájọ́ tí kò ní kòtẹ́milọ́rùn. A kò lè yan ohun tí a jogún, ṣùgbọ́n a lè ṣọ́ ohun tí ń kọ àmì sí i.